Ẹ̀yìn Erékùṣù Ni Ká Gbà

Àwa ará Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, kì í ṣe ará òkun. Ọ̀sà ni tiwa. Àlejò tó bá dé, tó rí omi lẹ́sẹ̀ ìlú, á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ mọ omi." Omi wo? Ọ̀sà kì í bú mọ́ èèyàn. Ó ń kún, ó ń fà, ó ń kó koríko wá dí ojú ọ̀nà ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá jábọ́ sínú ẹ̀ lẹ́bàá àkájà, ìyẹn àwọn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja ń rì mọ́lẹ̀ kí ẹja lè sá sábẹ́ wọn, á rí nǹkan dì mú. Òkun ò ní nǹkan tí èèyàn lè dì mú.

Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já díẹ̀ nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin, tí iṣẹ́ gbé lọ sí São Tomé, erékùṣù kan láàárín Òkun Àtìláńtíìkì, pè pé ká wá lo ìsinmi Kérésì lọ́dọ̀ òun. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni owó wa ká. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, etíkun pọ̀ níbí ju ṣọ́ọ̀bù lọ. Ẹ ṣáà yan èyí tó bá wù yín, èmi á wá mọ́tò." Tíṣà jọ́gíráfì ni mí. Mo rò pé ẹni tó ń fi máàpù jẹun ò lè ṣìnà.

Mo ra kàyé tuntun, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi wo àwòrán lórí fóònù lẹ́yìn tí ilé ti sùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin fi mọ́, orúkọ mẹ́rìnlá ló wà nínú kàyé, "praia" ló sì ṣáájú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí praia ni àwọn Potogí ń pe etíkun. Bí mo bá fi ọwọ́ bo orúkọ, mi ò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Iyanrìn funfun, igi àgbọn kan tó tẹ̀ sọ́nà omi bí ẹni tó ń yọjú wo ìyàwó tuntun, omi tó dà bí aró tí wọ́n bu omi là. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní máàkì bí mo ṣe ń fún àwọn ọmọ kíláàsì mi: èyí gba 16 nínú 20, ìyẹn gba 17.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ba máàkì náà jẹ́. Ìyá Alákàn ni gbogbo ọjà Wándò mọ̀ ọ́n sí. Ó ta akàn àti ẹja ọ̀sà fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, àpá ibi tí akàn ti gé e ṣì wà ní ìka ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ títí dòní. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ti sọ fún wa pé bí a ò bá mú òun dání, ká má wá kí òun mọ́. Mo ka orúkọ inú kàyé fún un, mo fi àwòrán hàn án. Ó na fóònù jìnnà sójú bí ẹni tó ń yẹ owó ayédèrú wò.

"Iyanrìn lo ń fi hàn mí látàárọ̀. Omi ibẹ̀ ńkọ́?"

"Omi rèé, Màmá. Ẹ ò rí bó ṣe mọ́ gaara?"

"Mo rí àwọ̀ ẹ̀. Kí ló ń ṣe?"

"Kí ló ń ṣe báwo?"

"Omi ń ṣe nǹkan, Tíṣà. Kò sí omi tó kàn jókòó."

Mo pa kàyé dé.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí gbogbo agboolé wa kó lọ sí etíkun Sẹ̀mẹ̀ lọ́jọ́ kejì Iléyá. Kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, ẹran Iléyá ṣì kù nínú ìkòkò, a gbé e dání. Etíkun ọ̀hún rẹwà, mi ò ní parọ́: iyanrìn tó ń dán, àgbọn tó tò lọ títí ojú ò fi tó o mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ bíbí inú Ìyá Alákàn, wo òkun títí, ó wá yan ibi tí ìgbì ò ti fọ́, ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín ibi méjì tó ń hó. Ọmọ tó lọ́gbọ́n lórí ni. Ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá yan ibẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, orí ẹ̀ ti kéré bí orógbó lójú omi. Ó kọjú sílé, ó ń wẹ̀ bọ̀, omi ń fà á lọ. Bó ṣe ń jà tó, bẹ́ẹ̀ ló ń jìnnà tó.

Àwọn apẹja Pópó tó ń fa àwọ̀n lọ́wọ́ ló gbà á là. Wọn ò sáré tẹ̀lé e tààrà. Ọ̀kan nínú wọn so okùn àwọ̀n mọ́dìí, ó kọ́kọ́ rìn lọ sápá ọ̀tún kó tó bọ́ sómi, ó ń pariwo pé kí ọmọ náà yé jà, kó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e délẹ̀, ó bì, ó bì, ó tún bì. Ìyá Alákàn gbá a létí ná, kó tó gbá a mọ́ra.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò gbàgbé. Bí àwọn yòókù ṣe ń palẹ̀ mọ́, ó lọ bá apẹja náà, ó ní kó fi ibẹ̀ han òun dáadáa. Mo tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà nawọ́: ibi tó funfun lápá òsì, ibi tó funfun lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ni ìgbì ń gbà wọlé. Ibi tó dúdú, tó dákẹ́ láàárín wọn, ibẹ̀ ni omi ń gbà padà sílé. Ìyá Alákàn he èèpo àgbọn gbígbẹ kan nílẹ̀, ó jù ú síbẹ̀. Èèpo náà ò yí, kò fò. Ó kàn ń lọ ni, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ẹni tí wọ́n pè, títí a ò fi rí i mọ́.

"Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru," ló wí, ó ń gbọn iyanrìn kúrò lára ìró. "Èyí tí ò hó ńkọ́?"

Ohun tó ń dójú tì mí níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ mi nìyí. Lọ́dọọdún ni mo ń fi ṣọ́ọ̀kì ya etíkun ilẹ̀ wa sójú pátákó, ìlà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ gbọọrọ, nǹkan bíi kìlómítà 125. Mo ń ṣàlàyé pé ìjì tó ń jà lọ́nà jíjìn ní gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì ló ń rán ìgbì sí wa, pé láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń bọ̀, kò sì sí ohun tó dábùú ọ̀nà ẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà wa. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń kọlu etíkun, ìyẹn ló ṣe ń kó iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn tọ̀sán-tòru. Nígbà tí wọ́n mọ ògiri èbúté Kútọnu wọnú òkun, èbúté tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1965, iyanrìn kóra jọ sápá ìwọ̀-oòrùn ògiri náà, ebi iyanrìn wá ń pa apá ìlà-oòrùn. Òkun jẹ ilé, ó jẹ ọ̀nà, ó jẹ oko àgbọn. Àwọn ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo ń fún wọn ní máàkì. Kò sí ọjọ́ kan tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà jáde kúrò nínú kíláàsì fi wo etíkun tí èmi fúnra mi fẹ́ lọ.

Mo tún kàyé ṣí. Lọ́tẹ̀ yìí, máàpù ni mo gbé síwájú. Erékùṣù São Tomé ò tóbi, kìlómítà 859 ni níbùú-lóròó, òun àti Príncipe tó tún kéré jù ú lọ ló di orílẹ̀-èdè kan. Òkè ló kún inú ẹ̀. Èyí tó ga jù níbẹ̀, Pico de São Tomé, ga tó mítà 2,024. Mo fi pẹ́ńsù fa ọfà láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ọfà kan náà tí mo ń fà sí pátákó. Ó gún erékùṣù náà nídìí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Ìgbì tó fẹ́ gbé ọmọ Ìyá Alákàn lọ ní Sẹ̀mẹ̀, ọmọ ìyá ẹ̀ ló ń lu ibẹ̀. Apá àríwá nìkan ló kọ ẹ̀yìn sí i.

Mo lọ bá a nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi ọfà hàn án. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi gbọ́.

"Bí ìjì bá ń jà níwájú ilé, ẹ̀yìnkùlé là á gbé ìdáná lọ. Ẹ̀yìn erékùṣù ni ká gbà."

Òjò náà, ọ̀nà kan náà ló ń gbà wá. Ìkùukùu ń forí sọ òkè láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ibẹ̀ ló ń da ẹrù ẹ̀ sí. Lọ́dún kan, òjò tó ń rọ̀ níbòmíì lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà lé ní mìlímítà 4,000, nígbà tí ti apá àríwá kì í pé 1,000. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí igi oṣè àti àjàgbọn ní àríwá, bíi pé ẹ wà lápá òkè ilẹ̀ Benin, nígbà tí igbó kìjikìji wà ní gúúsù. Ní ti oṣù, àwọn ará ibẹ̀ ń pe ìgbà ẹ̀rùn wọn ní gravana, láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá gbọ́ ẹ̀rùn á rò pé oòrùn ni. Rárá o. Òjò ń dáwọ́ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ń ṣú, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, omi ń tutù díẹ̀. Ìgbà tó dáa fún ẹni tó fẹ́ gun òkè ni. Òjò tún máa ń sinmi díẹ̀ láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, àárín ìyẹn ni tiwa bọ́ sí, orí ló bá wa ṣe é, kì í ṣe ọgbọ́n mi.

Ọkọ̀ òfuurufú méjì la wọ̀ ká tó dé. Awakọ̀ tó wá gbé wa bi wá pé níbo la ti wá, àbúrò mi ní, "Porto-Novo." Ojú ọkùnrin náà là, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè kan tí kì í ṣe Potogí tààrà. Àṣé Porto Novo kan wà ní Cape Verde pẹ̀lú, lórí erékùṣù Santo Antão, àwọn ará Cape Verde sì pọ̀ ní São Tomé láti ayé tí wọ́n ti ń kó wọn wá ṣiṣẹ́ oko kòkó. Ọmọ ìlú ẹ̀ ló rò pé òun rí. Ó dùn mí pé mo já a kulẹ̀. Mo gbìyànjú láti sọ fún un pé àwa náà kì í ṣe àjèjì pátápátá: odi Potogí tó wà ní Ouidah, tí wọ́n ń pè ní Ajudá, abẹ́ São Tomé ni wọ́n fi ìṣàkóso ẹ̀ sí fún ìgbà pípẹ́, ó di 1961 kí Dahomey, orúkọ Benin nígbà yẹn, tó gbà á. Àbúrò mi ń túmọ̀, awakọ̀ ń mirí. Ìyá Alákàn ló dá ọ̀rọ̀ náà dúró lẹ́yìn mọ́tò: "Ẹ ṣáà sọ fún un pé Àjàṣẹ́ la ti wá. Ó tán."

Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ti ilé tí a kọ́kọ́ wọ̀ sí, kí n lè gbàgbé ẹ̀. Àwòrán ni mo fi yàn án kí Ìyá Alákàn tó bi mí ní ìbéèrè yẹn, mo sì ti san àsansílẹ̀. "Etíkun lẹ́nu ilẹ̀kùn," ni wọ́n kọ. Òkúta dúdú ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, òkúta àti ògiri tí ìgbì ń fọ́ mọ́. Etíkun inú àwòrán, ó tó wákàtí kan àbọ̀ ká tó fi mọ́tò dé ibẹ̀. Nígbà tí mo béèrè, ọmọkùnrin tó wà nídìí tábìlì ní, "Ṣebí erékùṣù kan náà ni." Mi ò rí èsì fọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a forí lé àríwá. Lagoa Azul ni mo kọ ṣáájú nínú kàyé. Lagoa, ọ̀sà; azul, àwọ̀ aró. Ìyá Alákàn sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ọ̀sà dà?"

Ọ̀sà kọ́. Apá òkun kan ni, tó yà wọ àárín òkè bí omi inú àwo, koríko gbígbẹ lára òkè náà, igi oṣè tó dúró síbẹ̀ bí àgbà tó sanra. Ẹni tó ń wá iyanrìn tó máa nà lé, kó kọjá lọ, òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Mo ti fẹ́ yọ máàkì kúrò. Mo wá wọ inú omi. Ó mù mí dé àyà, mo sì ń ka ìka ẹsẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹja kéékèèké abilà, dúdú àti òfeefèé, ń wá wo orúnkún mi bí ẹni tó ń nájà. Ọmọ mi ọkùnrin ti dojú bolẹ̀ pẹ̀lú awò omi, ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan la ń rí.

Ìyá Alákàn ò wo ẹja. Lójú ọ̀nà, ó ti ní kí awakọ̀ dúró, mo ṣe bí ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n. Èèpo àgbọn ló lọ he. Ó wá dúró sétí omi báyìí, ó jù ú. Èèpo náà léfòó. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró bí ẹni tó ń rò ó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó mú un, ó rìn bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ó tún jù ú. Ó tún padà. Ìgbà kẹta ló tó ká ìró sókè, ó ní, "Bísímílà," ó wọlé dé orúnkún. Láti ọjọ́ Sẹ̀mẹ̀ yẹn, omi òkun ò kọjá kókósẹ̀ ẹ̀ rí.

Èmi tí mo ń wo èyí ni mi ò wo ilẹ̀. Ẹran omi kan wà tó rí roboto, tó dúdú, tí ẹ̀gún bò ó bí òòrẹ̀, ó ń gbé lára òkúta. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gún mẹ́ta ṣẹ́ sí mi ní gìgísẹ̀, ó dùn mí dé ìpàkọ́. Ìyá Alákàn jókòó sórí òkúta, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ó fi abẹ́rẹ́ yọ méjì. Ẹ̀kẹta tẹ̀ lé mi dé Àjàṣẹ́.

"Omi tó ń hó, ojú ẹ̀ la ń wò," ló ń wí bó ṣe ń wa abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀. "Èyí tó dákẹ́, ìsàlẹ̀ ẹ̀."

Ẹ ra bàtà rọ́bà dání o.

Bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo fún ìdílé tó ní ọmọdé àti àgbàlagbà, Praia dos Tamarindos ni màá mú, lápá àríwá yẹn náà. Orúkọ ẹ̀ ti sọ ọ́: ibòji àjàgbọn wà níbẹ̀, ibòji sì ni ohun tí àwọn tó ń ya àwòrán etíkun kì í rántí. Iyanrìn ẹ̀ rọ̀, ilẹ̀ ẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, kì í ré wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti Sẹ̀mẹ̀. A dé ibẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ò kúrò títí tí Ìyá Alákàn fi kí Àṣárì lábẹ́ igi. Èèyàn mẹ́fà la bá níbẹ̀. Àbúrò mi ní bó bá ṣe ọjọ́ Àìkú ni, ìkòkò ọbẹ̀ àti ẹ̀rọ orin ni à bá bá, mo sì rí àmì ẹ̀ nínú ike omi àti páálí tó fara pamọ́ sídìí igi. Ọmọ mi lá àjàgbọn títí eyín fi kan án, kò lè jẹ ẹja yíyan tí a rà fún un. Bàbá ẹ̀ ló jẹ ẹ́.

Sete Ondas, "ìgbì méje", wà lápá ìlà-oòrùn. Ọmọ mi ló fẹ́ ibẹ̀. Ó ka ìgbì, ó ní mẹ́sàn-án ni. Àwọn ọmọ abúlé ń fi pákó gun ìgbì bí ẹni gun ẹṣin, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ sí. Tiwa mọ ní wíwò.

Gúúsù lọ́tọ̀. Ó ju wákàtí méjì lọ láti ìlú, ẹ máa kọjá láàárín oko ọ̀pẹ, ẹ máa rí Pico Cão Grande, òkúta kan ṣoṣo tó nà sókè láàárín igbó bí ìka ẹni tó ń búra, ó ju mítà 300 lọ láti ìdí ẹ̀ dé orí. Ọ̀nà ń burú sí i bí ẹ ṣe ń lọ. Àwọn etíkun tó gba 19 lọ́wọ́ mi nínú kàyé, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà, mi ò sì ní gba máàkì wọn padà. Praia Jalé lẹ́wà débi pé èèyàn ò mọ ohun tó máa fi ojú ẹ̀ ṣe. Iyanrìn bíi gààrí Ìjẹ̀bú tó jóná díẹ̀, igbó ń mí sí wa lẹ́yìn, kò sílé, kò sáriwo, ìgbì ga. Ìyá Alákàn wo orí igi àgbọn dáadáa kó tó jókòó sábẹ́ ẹ̀, nítorí àgbọn ò mọ àlejò. Ó wá wo omi.

"Mẹ́ta," ló wí.

Mo kà á. Ọ̀nà dúdú mẹ́ta ni, láàárín funfun. Mo ti rí wọn kó tó sọ, inú mi sì dùn bí ọmọ kíláàsì tó gba kókó. Kò sẹ́ni tó wẹ̀ nínú wa ní Jalé. Praia Piscina la lọ wẹ̀ sí, kò jìnnà. Piscina ni adágún tí wọ́n ń wẹ̀ nínú ẹ̀. Òkúta dúdú tò níwájú, ìgbì ń fọ́ mọ́ wọn, omi tó bá ráyè wọlé á dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí òkun bá kún, ìgbì á máa fò kọjá lórí òkúta. Ọmọdékùnrin kan tó ń wá akàn ló fọwọ́ júwe fún wa pé àkókò tó. A jáde. Kò pé wákàtí kan tí ibi tí a jókòó sí fi di ìfòfó.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni a padà sí Jalé nítorí ìjàpá òkun. Láti ìparí ọdún wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun ni wọ́n ń gòkè wá yé ẹyin níbẹ̀, àwọn ọmọ abúlé ló sì ń ṣọ́ wọn. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ wa. Iná pupa kan ṣoṣo ni amọ̀nà mú dání, torí iná funfun ń da ojú ọ̀nà rú mọ́ wọn lójú. A dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn, ó tó wákàtí méjì, ẹ̀fọn ń fi wá ṣe sàárà. Lẹ́yìn náà, òkúta kan rìn jáde nínú òkun. Mo gbọ́ èémí ẹ̀ kí n tó rí i, èémí bíi ti arúgbó tó ń gun àkàsọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ihò bí ẹni tó ń fi ṣíbí bu ìyẹ̀fun, iyanrìn ń fò bá ọmọ mi lójú, ọmọ náà ò mira. Ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, roboto, funfun, bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá lórí tábìlì. Amọ̀nà ní wọ́n máa ń tó ọgọ́rùn-ún.

"Ṣé ọkọ Yánníbo nìyí?" Ìyá Alákàn ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Onírúkèrúdò inú àlọ́? Ẹ wo ojú ẹ̀. Èyí ò ní ẹ̀tàn kankan."

Mo ń rò ó bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ pé òun náà yan etíkun ni. Ibi tí wọ́n ti bí wọn ni wọ́n ń wá padà sí. Iyanrìn tó jìn, òkùnkùn, kí ariwo má sí. Ìgbì tó lé wa sá kò tó nǹkan lójú ẹ̀.

Ẹran ìjàpá yìí, wọ́n ń jẹ ẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọjà gidi ni. Òfin 2014 ló fòfin de pípa àti títà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Alákàn pàdé palaiê kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin tó ń kiri ẹja níbẹ̀, ẹni tó ti ta ẹran ìjàpá rí kí òfin tó dé. Àbúrò mi ló yẹ kó túmọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò dúró dè é. Ìyá Alákàn na ìka ẹ̀ tí akàn gé. Obìnrin náà na ọwọ́ ẹ̀, ó ka àpá ìwọ̀ lára ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ẹja kan sókè, wọ́n ṣí imú ẹ̀, àwọn méjèèjì wo bó ṣe pọ́n tó, àwọn méjèèjì yọ ṣùtì. Ẹja àná ni. Obìnrin náà dá a padà sínú agbọ̀n, ó mú òmíràn fún un láti abẹ́.

Ilhéu das Rolas, erékùṣù kékeré tó wà níwájú gúúsù níbẹ̀, èmi ni mo fẹ́ ẹ, mi ò gbàṣẹ. Ìlà agbedeméjì ayé gba inú ẹ̀ kọjá. Ogún ọdún ni mo ti ń fà á sára máàpù. A wọ ọkọ̀ ojú omi, a gun òkè, a dé ibi tí wọ́n ṣe àmì sí. Mo fẹsẹ̀ kan sí àríwá, mo fẹsẹ̀ kan sí gúúsù, omi bọ́ lójú mi, n kò mọ ìdí. Ìyá Alákàn wo ilẹ̀ yíká.

"Okùn ọ̀hún dà?"

A ò dé Príncipe. Owó ọkọ̀ òfuurufú tún ni, òun náà kò sì kéré. Níbẹ̀ ni Praia Banana wà, tó tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́, tí wọ́n máa ń ya fọ́tò ẹ̀ láti orí òkè. Òun ló gba 20 nínú 20 lọ́wọ́ mi ní alẹ́ àkọ́kọ́, máàkì tí mi ò fún ọmọ kíláàsì kankan rí. Láti òkè yẹn, èèyàn ò lè gbọ́ bí omi ṣe ń dún.

Láti ìgbà tí a ti dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé-ìwé ń bi mí pé èwo ló dára jù. Mo máa ń bi wọ́n pé oṣù wo ni, ta ni wọ́n fẹ́ mú lọ, ṣé wọ́n fẹ́ wẹ̀ ni àbí wọ́n fẹ́ wò. Ó ń bí wọn nínú. Ọ̀kan ní kí n ṣáà pe orúkọ kan kí òun kọ ọ́ sílẹ̀. Mo pe Tamarindos. Ó ní kí ló dé tí òun ò rí i nínú àwọn àwòrán tó gbajúmọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi fi àwòrán etíkun kan ránṣẹ́, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lápá ìwọ̀-oòrùn ni, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, ẹwà ẹ̀ pọ̀ jọjọ. Mo fi ìka méjì fẹ àwòrán náà títí iyanrìn fi jáde kúrò nínú ẹ̀, tó ku omi nìkan. Mo wá ibi tó dúdú láàárín funfun. N kò rí i. Mo gbé fóònù lọ sílé Ìyá Alákàn, ó ń ṣa ewébẹ̀ lọ́wọ́, ó nu ọwọ́, ó na fóònù jìnnà sójú. Ó wò ó pẹ́.

"Ó dákẹ́ jù," ló wí, ó dá fóònù padà fún mi. "Bi í pé kí ló ń ṣe."